Àtúnṣe: Ta ni owó Kurzarbeit ń bọ́ sí lọ́wọ́?

Wọ́n ń sọ ọ́ kiri pé owó tí ìjọba Jámánì ná lórí owó-oṣù nígbà Kòrónà, àpò àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́ ló bọ́ sí, pé òṣìṣẹ́ ò rí kọ́bọ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Nínú Kurzarbeit (“iṣẹ́ wákàtí kúkúrú”), ètò tí wọ́n fi ná owó náà, ilé-iṣẹ́ yóò dín wákàtí iṣẹ́ kù dípò kó lé èèyàn lọ. Ìjọba á wá san ìdá 60 nínú 100 owó tí òṣìṣẹ́ pàdánù, ìdá 67 fún ẹni tó bá ní ọmọ. Ẹ kíyè sí i: owó tó pàdánù ni o, kì í ṣe gbogbo owó-oṣù. Ibẹ̀ gan-an lọ̀pọ̀ ti ń ṣì í kà. Ẹni tó ń mú 2,000 yúrò lọ sílé, tó wá já sí 1,200, 800 ló pàdánù. Yóò gba 480 lé e, àpapọ̀ rẹ̀ á jẹ́ 1,680. Ní 2020, ẹni tí kò ní ọmọ, tí iṣẹ́ rẹ̀ dín kù tó ìlàjì, ń gba ìdá 70 bó bá di oṣù kẹrin tó ti ń gba owó náà, 80 bó bá di oṣù keje.

Ohun tó da ọ̀rọ̀ rú ni pé ọ̀gá ló kọ́kọ́ ń san owó náà, kó tó béèrè rẹ̀ padà lọ́wọ́ àjọ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́. Bí oṣù mẹ́ta bá kọjá láìbéèrè, owó ọ̀hún wọgbó nìyẹn.

Òótọ́ díẹ̀ wà nínú ohun tí wọ́n ń sọ kiri yẹn ṣá. Àwọn ilé-iṣẹ́ kan tí kì bá tiẹ̀ lé ẹnikẹ́ni náà gbà nínú owó yìí.