Kí ni "ó ń ṣiṣẹ́" túmọ̀ sí lọ́dọ̀ yín gan-an?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ta géèmù àtijọ́ ní Abuja yìí, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ bi yín léèrè, tẹ́ ẹ bá ní nǹkan "ń ṣiṣẹ́", kí lẹ ní lọ́kàn? Torí ó jọ pé lọ́dọ̀ yín, tí iná pupa kékeré yẹn bá ṣáà ti tàn, ó ti parí nìyẹn.

Sẹ́gà, ẹ̀rọ géèmù àtijọ́ yẹn, ni mo ń wá. Mega Drive gidi, èyí tá a máa ń sá níléèwé lọ tẹ̀ n'Ílọrin nígbà yẹn, kì í ṣe ayédèrú tí wọ́n kọ "9999 in 1" sí lára, tó jẹ́ pé géèmù bíi mẹ́wàá péré ló kàn ń pààrọ̀ orúkọ mọ́ ẹ lójú. Mo wọ mọ́tò láti Kubwa lọ sí Wuse, mo dé Nyanya, ayédèrú yẹn náà ni wọ́n ń gbé jáde, ẹnì kan tiẹ̀ ní kí n lọ ra PS4 kí n yéé da ara mi láàmú. Ta ló bi í?

Ìgbà tí mo wá pàdé ọmọ Yorùbá kan, ara tù mí, mo ní a ti délé. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fọkàn balẹ̀, tòkunbọ̀ Japan ni, ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa." Ó sì tàn án lójú mi lóòótọ́ o! Àwòrán jáde, orin ń dún, omi fẹ́ẹ́ bọ́ lójú mi. Ó pè é ní 45k, a nájà nájà, 40 ló gbà, mo tún ra kásẹ́ẹ̀tì géèmù mẹ́ta lé e.

Mo délé, TV mi ò ní ihò AV, mo tún lọ ra kọnfátà, ìyẹn ò tiẹ̀ dùn mí. Ìgbà tí wọ́n múná dé mo ki adápítọ̀ yẹn bọ ògiri, ká tó wí ká tó fọ̀ òórùn rọ́bà tó ń jóná ti gba pálọ̀, ìyàwó mi ń pariwo látinú kíṣìnì pé kí ni mò ń sun. Mo yí ìdí adápítọ̀ wò, nínú gbogbo ọ̀rọ̀ Japan tí wọ́n kọ síbẹ̀, 100V nìkan ni mo lè kà. 100V! Iná tiwa tó lé ní ìlọ́po méjì ẹ̀!

Mo pè é. "Háà, ẹ̀gbọ́n, ẹ ò lo stepdown tó ń dín agbára iná kù ni? Tèmi wà lábẹ́ tábìlì." Lábẹ́ tábìlì! Ó wá ní òun ò purọ́, ó ṣáà ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ òun. Ṣé kí n wá kó ẹní wá sí ṣọ́ọ̀bù ẹ ni?

Rìpéérà bá mi wá adápítọ̀ 9V míì, ó kìlọ̀ pé àárín ẹnu ẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ negative, Ọlọ́run sì bá mi ṣe é, Sẹ́gà ò kú. Mo ki kásẹ́ẹ̀tì Sonic bọ̀ ọ́, Sonic 1991 tí mo tìtorí ẹ̀ náwó yìí, géèmù ọkọ̀ ogun ló jáde. Ìkejì náà, ọkọ̀ ogun kan náà! Ìkẹta ò mú nǹkan kan wá, ẹni tó tà á fún mi ní kí n fẹ́ ẹnu sí i, bẹ́ẹ̀ itọ́ yẹn ló ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ irin ẹ̀ dípẹtà.

Àná ló tún fi WhatsApp ránṣẹ́: "Ẹ̀gbọ́n, PS1 ti wọlé o. Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ẹ ṣáà máa dojú ẹ̀ dé kó tó lè ka CD."