Ẹni tó di pádì mú náà ṣiṣẹ́

Lóṣù tó kọjá, àbúrò mi gbé fídíò géèmù bọ́ọ̀lù kan sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Òun ló gbá a, òun náà ló ń sọ ọ́ bí àwọn asọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù orí rédíò, tó ń fi ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó nà ní 4-0 ṣe yẹ̀yẹ́. Kílẹ̀ tó mọ́, ìwé ti dé: owó yòówù tí fídíò náà bá pa, ti ẹlòmíì ni. Kí ló fà á? Orin tó ń dún nígbà tó ń yan àwọn agbábọ́ọ̀lù rẹ̀. Kò tó ìṣẹ́jú kan o!

Mi ò bínú sí olórin, òun náà ń wá oúnjẹ òòjọ́. Àwọn tó ṣe géèmù ni mo ń bá wí. Wọ́n sanwó kí orin wọnú géèmù, wọn ò sanwó kó tẹ̀ lé wa dé inú fídíò, wọn ò sì sọ fún ẹni tó rà á. Géèmù Cyberpunk 2077 ní ibi téèyàn lè tẹ̀ kí irú orin bẹ́ẹ̀ má dún rárá. Ó yẹ kó jẹ́ dandan fún gbogbo géèmù.

Ti àwòrán inú géèmù tún le ju ìyẹn lọ. Ẹni tó ṣe é ló ni ín. Pé o ra ìwé kò ní kí o lọ tún un tẹ̀. Ayálégbé ni wá, láìsí ìwé àdéhùn. Ẹ wo Nintendo, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe géèmù ní Japan. Ní 2013 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó ìpolówó orí fídíò àwọn èèyàn. Ní 2015 wọ́n ní ká wá forúkọ sílẹ̀, kí oní-fídíò mú 60 nínú 100, tàbí 70 bó bá jẹ́ gbogbo ìkànnì rẹ̀ ló fi sílẹ̀. Nígbà tí 2018 ń parí lọ, wọ́n pa ìyẹn náà tì: máa jẹ owó rẹ, ṣùgbọ́n fi ohùn tàbí ọgbọ́n tìrẹ kún un. Òfin kọ́ ló yí padà, ọkàn onílé ni.

Àmọ́ ẹ má jẹ́ ká tan ara wa. Lọ́dún 2023, ilé ẹjọ́ Sendai ní Japan dá ẹ̀wọ̀n ọdún 2 fún ọkùnrin kan, wọ́n dá ẹ̀wọ̀n náà dúró fún ọdún 5, pé kò ní lọ bí kò bá tún dẹ́ṣẹ̀, wọ́n sì ní kó san owó ìtanràn mílíọ̀nù kan yẹ́ẹ̀nì. Ara ẹ̀sùn rẹ̀ ni pé ó gbé géèmù ìtàn Steins;Gate sórí íntánẹ́ẹ̀tì títí dé ìparí, ó ń fi pawó. Àwọn kan pariwo. Èmi ò bá wọn pariwo. Géèmù tó jẹ́ pé kíkà ni gbogbo rẹ̀, ẹni tó bá ti wo òpin rẹ̀, kí ló fẹ́ rà á fún? Ọ̀rọ̀ ẹ̀wọ̀n nìkan ni mo rí bí àṣejù. Ẹ gba owó lọ́wọ́ rẹ̀, ó tó.

Ṣùgbọ́n 4-0 àbúrò mi ńkọ́? Ta ni yóò wò ó tán tí yóò ní òun ò ra géèmù mọ́? Ẹni tó ni ẹrú ló ni ẹrù, ni wọ́n fi ń dá wa lóhùn. Èmi ò gbà. Géèmù tí ọwọ́ olúkúlùkù ń sọ di nǹkan ọ̀tọ̀, kí òfin fún ẹni tó gbá a ní ìpín tìrẹ. Òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ wa ní Nàìjíríà ti 2022, èyí tó ń sọ ẹni tó ni iṣẹ́ ọwọ́, gba yẹ̀yẹ́ àti àríwísí láyè. Eré tí èèyàn gbá lásán ni kò dárúkọ.

Àbúrò mi ti pa orin inú géèmù rẹ̀ báyìí. Òun fúnra rẹ̀ ló ń kọrin sí i. Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́.