Kì í ṣe ẹ́ńjìnnì báálù làwọn Wright gba pátẹ́ǹtì lé lórí o

Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ yìí ti ń dùn mí tipẹ́. Bí wọ́n bá ti dárúkọ Wilbur àti Orville Wright, tẹ̀gbọ́n tàbúrò tó kọ́kọ́ fi báálù oní-ẹ́ńjìnnì fò, báyìí, ohun tẹ́ ẹ máa gbọ́ ni pé wọ́n fi ẹ́ńjìnnì fò tán ni wọ́n wá sáré lọ gba pátẹ́ǹtì, ìyẹn ìwé àṣẹ ìjọba tí kì í jẹ́ kẹ́lòmíì lo ohun téèyàn ṣe láìgbàṣẹ. Irọ́ ni. Ọjọ́ 17 oṣù Kejìlá 1903 ni báálù wọn tó ní ẹ́ńjìnnì kọ́kọ́ gbéra nítòsí Kitty Hawk ní Amẹ́ríkà, sẹ́kọ́ǹdì 12 péré ló lò lókè, àmọ́ ọjọ́ 23 oṣù Kẹta ọdún yẹn kan náà ni wọ́n ti fìwé béèrè pátẹ́ǹtì. Ẹ wo àwòrán inú ẹ̀, ìyẹ́ méjì tí wọ́n tò léra wọn lẹ máa rí, pẹ̀lú okùn tí wọ́n fi ń darí ẹ̀, kò sí ẹ́ńjìnnì níbẹ̀.

Bí báálù ò ṣe ní dà nù lójú òfurufú ni wọ́n gba pátẹ́ǹtì lé lórí. Ní 1899, Wilbur wà ní ṣọ́ọ̀bù kẹ̀kẹ́ wọn, ó ń bá kọ́sítọ́mà sọ̀rọ̀, páálí tíúbù kan wà lọ́wọ́ ẹ̀ tó ń lọ́ síwá sẹ́yìn, ló bá rí i pé bí igun kan ṣe ń gbéra ni igun tòdìkejì ń rẹlẹ̀. Ó ní ìyẹ́ báálù náà ṣeé lọ́ báyẹn, kó má bàa dà nù.

Ṣùgbọ́n àwọn fúnra wọn ló kọ ìwé àkọ́kọ́ tí wọ́n fi béèrè pátẹ́ǹtì, ìjọba Amẹ́ríkà sì dá a padà. Oṣù Kìíní 1904 ni Wilbur tó lọ bá lọ́yà Harry Aubrey Toulmin ní Springfield, Ohio. Ọkùnrin yẹn mọṣẹ́ gan-an! Ọgbọ́n ìdarí yẹn ló gbá mú, ó sì kọ ọ́ débi pé ẹni tó bá gba ọ̀nà mìíì ṣe é náà ò ní lè yọ. Ọjọ́ 22 oṣù Karùn-ún 1906 ni pátẹ́ǹtì náà jáde, nọ́ńbà ẹ̀ ni 821,393. Nígbà tí Glenn Curtiss, tóun náà ń ṣe báálù, wá lo pátákó kéékèèké tó ń gbéra tó sì ń rẹlẹ̀ dípò kó lọ́ ìyẹ́, wọ́n gbé e lọ kóòtù, ẹjọ́ sì dá àwọn Wright láre ní 1914, Wilbur ò tiẹ̀ sí láyé mọ́, ó ti kú ní 1912.

Tẹ́ ẹ bá wọ báálù, ẹ jókòó síbi wíńdò tó kọjú sí ìyẹ́. Bó bá ti fẹ́ yà, ẹ máa rí irin pẹlẹbẹ kan létí ìyẹ́ tó ń gbéra, ti ìyẹ́ kejì á máa lọ sílẹ̀. Ohun tí wọ́n torí ẹ̀ lọ kóòtù nìyẹn.