Ta ló ní ká ti géètì allotment pa nígbà ìwọ́wé?

Ìparí oṣù kẹsàn-án ni káńsù tó kó kọ́kọ́rọ́ lé mi lọ́wọ́. Ọdún mẹ́rin ni orúkọ mi fi wà lára àwọn tó ń dúró de allotment, ìyẹn ilẹ̀ kékeré tí káńsù ń fi háyà fún aráàlú láti dáko, ní gúúsù London níbí. Mo fi fọ́tò ilẹ̀ náà ránṣẹ́ sórí WhatsApp, ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo wọn ń sọ: "Òtútù ti dé o. Ti géètì ẹ pa, ó di oṣù kẹta." Àwọn èèyàn wa sọ ọ́, àwọn òyìnbó ibi iṣẹ́ mi náà sọ ọ́. Ó jọ ọ̀rọ̀ àgbà. Àmọ́ irọ́ ni, àyàfi níbì kan.

Ibi kan náà nìyí: ilá, ata, tòmátò, ewédú àti tẹ̀tẹ̀ tí ọkàn wa máa ń fà sí, ọmọ oòrùn ni gbogbo wọn. Ìrì dídì òru ọjọ́ kan ṣoṣo tó láti sọ wọ́n di ewé bíbọ̀. Wọn ò gbọdọ̀ fojú kan ìta títí oṣù karùn-ún á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Ẹni tó bá gbin ilá ní oṣù kẹwàá, tí ilá kú, tó wá ń sọ kiri pé ilẹ̀ òyìnbó kì í gba irúgbìn nígbà yẹn, irúgbìn ló ṣì mú.

Ẹ wo aáyù. Kì í ṣe pé ó ń fara da òtútù nìkan, ó ń wá a ni. Awẹ́ tí a bá rì mọ́lẹ̀ ní oṣù kẹwàá tàbí ìkọkànlá gbọ́dọ̀ rí òtútù tí kò ju ìwọ̀n 10 Celsius lọ fún bí oṣù kan sí méjì, kí ó tó lè pín sí awẹ́ tó bá yá. Bí ẹ bá tì í di ìgbà ìrúwé, tí òtútù kò sì tó o mọ́, ó lè di roboto bí àlùbọ́sà kékeré tí kò ní awẹ́ kankan. Ó ṣeé jẹ o, ṣùgbọ́n ẹyọ kan lẹ gbìn, ẹyọ kan náà lẹ hú. Ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ gbìn ín ni kí ẹ fọ́ ọ sí awẹ́, ẹ má bó o. Ṣóńṣó orí rẹ̀ lókè, ìdí nísàlẹ̀, kí erùpẹ̀ bo orí rẹ̀ dáadáa, nítorí àwọn ẹyẹ máa ń fà á yọ. Sẹ̀ǹtímítà 15 ni kí ẹ fi sáàárín ọ̀kan sí èkejì. Èyí tí wọ́n ń tà fún gbígbìn ni kí ẹ rà. Ti ìsọ̀ oúnjẹ lè jẹ́ irú tí kò mọ ojú ọjọ́ ibí, ó sì lè kó àrùn wọlé tí á wà nínú ilẹ̀ yín fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Igi tó wọ́wé ló ń tan àwọn èèyàn jẹ. Ilẹ̀ kì í tètè tutù bí afẹ́fẹ́. Ooru ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ṣì wà nínú rẹ̀ ní oṣù kẹwàá, òjò sì ti ń rọ̀, ẹ ò ní máa fa omi kiri. Gbòǹgbò á ti ta kí ọjọ́ tó kúrú tán. Ní àárín oṣù kejìlá, bíi wákàtí 8 péré ni ojúmọ́ London; ewé á dúró sójú kan, ẹ ó rò pé ó ti kú. Kò kú. Ṣebí bẹ́ẹ̀ náà ni iṣu nílé? Ní oṣù kọkànlá sí ìkejìlá, tí òjò ti lọ, ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ á rì í sínú ebè, wọ́n á fi koríko dé e kí oòrùn má bàa sè é. Iṣu á wà nísàlẹ̀ níbẹ̀, á máa retí òjò àkọ́rọ̀.

Broad bean, ẹ̀wà òyìnbó tó tóbi, náà ń bẹ, irú tí wọ́n ń pè ní Aquadulce Claudia. Ẹ rì í wọlẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 5. Ó máa ń ṣáájú èyí tí wọ́n gbìn nígbà ìrúwé, ẹ lè ti ká a kí kòkòrò dúdú wẹ́wẹ́ tó máa ń bo ọ̀mùnú rẹ̀ tó rọ́ dé. Èkúté jẹ ìlà àkọ́kọ́ tèmi tán pátá, mo tún un gbìn. Àlùbọ́sà Radar àti Senshyu náà ń sun òtútù já.

Ohun tó wà nídìí "ti géètì" yìí gan-an, lójú tèmi, ni ẹ̀rù igbó. Ilẹ̀ mi gùn tó mítà 25, ó fẹ̀ tó 5, èpò bò ó dé orúnkún. Wọ́n á ní àfi kí ẹ kọ́kọ́ tú gbogbo rẹ̀, àwọn kan á ní kí ẹ yá ẹ̀rọ tó ń ro ilẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò. Couch grass àti bindweed, èpò méjì tó kún ilẹ̀ allotment, ìwà ẹ̀kan ni wọ́n ń hù: ẹ gé gbòǹgbò rẹ̀ sí ọ̀nà mẹ́wàá, mẹ́wàá ni á hù. Igun kan péré, mítà 5 sí 3, ni mo fi fọ́ọ̀kì tú, tí mo ṣa gbòǹgbò rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ibẹ̀ ni aáyù, àlùbọ́sà àti broad bean gbé.

Ìyókù, páálí ni mo tẹ́ lé e. Mo bọ́ gbogbo séló kúrò lára rẹ̀, mo tẹ́ ẹ kí etí rẹ̀ gun ara wọn, mo wá da ìgbẹ́ ẹṣin tó ti jẹrà lé e lórí nípọn. Nígbà tí oṣù kẹfà fi wọlé, páálí ti jẹrà mọ́ ilẹ̀, bindweed díẹ̀ ló kù tí mo ń fọwọ́ fà. Ibẹ̀ ni mo gbin tẹ̀tẹ̀ sí.