“Ó kúkú san fún mi”: ẹ̀rí tí kì í ṣe ẹ̀rí rárá

Iṣẹ́ POS ni mò ń ṣe ní Mushin, abẹ́ àǹbúrẹ́là ni mo máa ń wà láti àárọ̀ títí di nǹkan bí aago mẹ́jọ alẹ́, ó ti lé lọ́dún mẹ́fà báyìí, torí náà ọ̀rọ̀ owó tí mo fẹ́ sọ yìí kì í ṣe àgbọ́sọ, ojú mi ló ṣe. Gbólóhùn kan wà nípa àwọn áàpù tó ń ní ká fowó síbẹ̀ kó máa bí èrè, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu kọ́sítọ́mà títí ó fi sú mi. Wọ́n á na fóònù sí mi lójú, wọ́n á ní “Àǹtí, áàpù yìí kì í ṣe 419 o, mo fi 10k dán an wò, ó san fún mi.” Gbogbo ẹni tó bá wà lórí ìlà á wá máa na ọrùn wo fóònù yẹn bí ìgbà tí wọ́n ń wo ọmọ tuntun.

“Ó san fún mi” yẹn kì í ṣe ẹ̀rí nǹkan kan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bínú.

Ẹ jẹ́ ká rò ó pa pọ̀. Tẹ́ ẹ bá fi 10k sínú áàpù kan tó wá kọ̀ tí ò san, ẹ ti mọ̀ pé olè ni, ọ̀rọ̀ parí. Àmọ́ tó bá san ńkọ́? Ẹ ò tíì mọ nǹkan kan, torí áàpù gidi máa san 10k, áàpù olè náà máa san 10k, kódà ti olè ló máa ń tètè san jù, kẹ́ ẹ tó ṣẹ́jú alẹ́ẹ̀tì ti wọlé. Ti gidi lè má yá tó bẹ́ẹ̀: tó bá jẹ́ ṣíà, ìyẹn ìpín nínú ilé iṣẹ́, ló bá yín rà, ó ní láti kọ́kọ́ tà á lọ́jà kówó tó jáde, ó lè gba ọjọ́ mélòó kan, tí Sátidé àti Sọ́ńdè bá tún bọ́ sí i ẹ máa dúró dáadáa. Èèyàn á wá máa bínú sí ti gidi pé ó ń falẹ̀, á máa yin olè.

Nígbà tá a wà ní kékeré, tí màmá mi bá fẹ́ mú adìẹ ọdún, wọn kì í lé e kiri, àgbàdo ni wọ́n máa ń fọ́n sílẹ̀. Ọjọ́ àkọ́kọ́ wọn ò ní fọwọ́ kàn án, á jẹ, á yó, á lọ. Ọjọ́ kejì wọ́n á fọ́n ọn sún mọ́ ẹnu ọ̀nà. Tó bá fi máa di ọjọ́ kẹta, kẹrin, adìẹ yẹn fúnra ẹ̀ ló máa rìn wọ kíṣìnnì wá, á tún kó àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ dání. Tẹ́ ẹ bá bi í léèrè lọ́jọ́ kẹta, ó máa ní màmá yìí dáa o, wọ́n kúkú ń fún mi lóúnjẹ.

Ó dáa, ẹ mú kalikulétọ̀ yín. Ká ní èèyàn 100 fi 20k 20k sínú áàpù kan, mílíọ̀nù méjì náírà nìyẹn. Áàpù ní òun máa fún wọn ní 40% lóṣù. Oṣù pé, èèyàn 30 péré ló yọ èrè wọn, 8k 8k, àwọn tó kù ní kó máa yí lọ torí ojúkòkòrò. 240k ni áàpù san, 1,760,000 ṣì wà lọ́wọ́ ẹ̀, kò sì dá òwò kankan. Àwọn 30 tó gba owó yìí á wá gba ilé gba oko, wọ́n á sọ fún àbúrò, wọ́n á sọ fún àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á sọ fún àwọn tí wọ́n jọ ń lọ ásàlátù, ẹ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn mú èèyàn mẹ́rin péré wá, èèyàn 120 nìyẹn, 20k 20k náà, mílíọ̀nù méjì àti 400k tuntun wọlé. Wọ́n san 240k, ó bí 2,400,000. Owó tí wọ́n san fún yín, owó ìpolówó ni, ẹ̀yin gan-an sì ni bílíbọ́ọ̀dù, ó kàn jẹ́ pé bílíbọ́ọ̀dù Ikorodu Road kì í fi owó ara ẹ̀ sí i.

Kẹ́ ẹ má lọ rò pé ọlọ́gbọ́n kan ló jókòó tó ń bá yín wí. Màmá oníṣu kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, wọ́n wá yọ 25k lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ kan, wọ́n ní èrè áàpù ni, èmi gan-an ni mo kà á lé wọn lọ́wọ́, 1k márùndínlọ́gbọ̀n, ó rí kánkán. Ọ̀sẹ̀ yẹn lémi náà fi 80k sí i. Tí wọ́n bá ní kí n sọ ìdí ẹ̀, kò sí ìdí míì ju pé mo fọwọ́ ara mi ka owó màmá. Mi ò bi wọ́n pé ta ló ni áàpù ọ̀hún, mi ò bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń fowó wa rà. Mo yọ 12k lẹ́ẹ̀kan, inú mi dùn débi pé mo ra ẹran. Lẹ́yìn oṣù kejì, tá a bá tẹ ibi tá a ti ń yọ owó, ó ń sọ pé “pending”, ó di ọjọ́ karùn-ún wọ́n ní ká san 15k fún ìfìdímúlẹ̀ kówó wa tó lè jáde. Màmá san 15k yẹn o. Owó àjọ ọdún kan gbáko ni wọ́n ti kó sí i, owó tí wọ́n fẹ́ fi san rẹ́ǹtì ṣọ́ọ̀bù. Mi ò ní dárúkọ áàpù náà, kò sì sí mọ́ bẹ́ẹ̀ ni. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn ju gbogbo nǹkan tó kù lọ: kò sí ilé iṣẹ́ gidi tó máa ní kẹ́ ẹ kówó wá láti ìta kó tó fún yín lówó yín. Tó bá ní ohun tó fẹ́ yọ, inú owó yín tó wà lọ́wọ́ ẹ̀ ló ti máa yọ ọ́.

Ọgbọ́n yìí kì í ṣe tuntun. Charles Ponzi tí wọ́n fi orúkọ ẹ̀ sọ irú òwò yìí, ní Boston l'Amẹ́ríkà ní 1920, 50% láàárín ọjọ́ 45 ló ń ṣèlérí, ó sì san fún àwọn tó kọ́kọ́ wá, ìsanwó yẹn ló jẹ́ kí èrò kún ọ́fíìsì ẹ̀. Ní 2016 tí MMM, irú òwò yẹn kan náà, gbòde níbí, mo ṣì ń bá èèyàn tajà ní Ìdúmọ̀tà nígbà yẹn, 30% lóṣù ni wọ́n ń pè é, ẹni tó fowó sí i níbẹ̀rẹ̀ ọdún gbà á, gbogbo ọjà ló ní ẹ̀rí. 13 December ọdún yẹn wọ́n ti gbogbo ẹ̀ pa, Kérésìmesì ku ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n ní ó di January. April 2025 ó kan áàpù CBEX, ìyẹn ní 100% láàárín ọgbọ̀n ọjọ́. Òun náà san, ó san dáadáa, kó tó di pé owó ò jáde mọ́ tí wọ́n tún ń ní káwọn èèyàn san $100 tàbí $200 kún un. Ní Ìbàdàn àwọn kan ya wọ ọ́fíìsì wọn, wọ́n gbé àga lọ. Àga!

Ibi tí CBEX ti kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́ jù ni ti ìwé. Àwọn tó bá gbọ́n ju àwa “ó san fún mi” lọ díẹ̀ máa ń ní “ó ní CAC,” ìyẹn ìwé tí ìjọba fi ń forúkọ ilé iṣẹ́ sílẹ̀. Ilé iṣẹ́ tí wọ́n fi bojú fún CBEX, ST Technologies International Limited, ní ìwé CAC, ó tún gba ìwé SCUML, ẹ̀ka tó ń gbógun ti fífọ owó olè mọ́ lábẹ́ EFCC. Kò sì ní láísẹ́ǹsì SEC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ìdókòwò, SEC fẹnu ara wọn sọ ọ́ pé wọn ò mọ̀ ọ́n. Ìwé CAC dà bí ìwé ọjọ́ìbí, ó kàn ń sọ pé wọ́n bí ọmọ yìí, orúkọ ẹ̀ rèé. Wọ́n bí ọmọ, ṣéyẹn wá ní ó lè wa dáńfó láti Oshodi dé CMS? SEC ló ń fúnni ní láísẹ́ǹsì láti gba owó aráàlú kó fi dókòwò fún wọn. Òfin tuntun tí Tinubu bu ọwọ́ lù ní March 2025 tiẹ̀ là á kalẹ̀ pé ẹni tó bá ń ṣe ponzi, ó kéré tán 20 mílíọ̀nù náírà ni owó ìtanràn ẹ̀, tàbí ẹ̀wọ̀n ọdún 10, tàbí kó jẹ́ méjèèjì. Tí wọ́n bá sì sọ fún yín pé NDIC, àjọ ìjọba, ló ń dáàbò bo owó yín, ti owó tẹ́ ẹ fi pamọ́ sí báńkì nìyẹn, kò sì lè ju mílíọ̀nù márùn-ún náírà lọ fún ẹnì kan ní báńkì ńlá, mílíọ̀nù méjì ní microfinance, kò kan owó tẹ́ ẹ fi ra ṣíà.

Wíwò tí mò ń wo áàpù báyìí, mi ò kì í tiẹ̀ bẹ̀rẹ̀ látinú áàpù. Mo máa wá orúkọ ilé iṣẹ́ tó ni ín, kì í ṣe orúkọ aláràbarà tó wà lójú ẹ̀ o, orúkọ tó parí sí Limited, ó sábà máa ń wà nísàlẹ̀ pátápátá níbi tí ẹnikẹ́ni kì í kà. Tí mi ò bá rí i, mo ti kúrò níbẹ̀. Tí mo bá rí i, mo máa fi ọwọ́ ara mi tẹ sec.gov.ng, mi ò ní tẹ líǹkì tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí gúrúùpù WhatsApp torí wọ́n lè ṣe ayédèrú ẹ̀, mo máa wò ó bóyá orúkọ yẹn wà nínú àwọn tí wọ́n fún ní láísẹ́ǹsì, mo tún máa wo irú láísẹ́ǹsì tó jẹ́, torí ẹni tí wọ́n ní kó máa bá èèyàn ra ṣíà yàtọ̀ sí ẹni tí wọ́n ní kó máa kó owó èèyàn pọ̀ ṣe fund. Kò tíì tán níbẹ̀ o. Àwọn olè máa ń jí orúkọ ilé iṣẹ́ tó ní láísẹ́ǹsì lò, wọ́n á fi lógò ẹ̀ sójú áàpù tiwọn, torí náà mo máa lọ sí ìkànnì ilé iṣẹ́ yẹn gan-an lọ wo áàpù tó ní òun ni. Play Store lásán ò tó, $25 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ni Google ń gbà lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ forúkọ sílẹ̀ láti máa gbé áàpù síbẹ̀.

Èyí tó kàn yìí, oníPOS ló lè sọ ọ́ fún yín. Ẹ wo orúkọ tó ń jáde tẹ́ ẹ bá ń fowó ránṣẹ́! Àwọn kan máa wá sọ́dọ̀ mi pé àwọn fẹ́ fowó sínú áàpù, tí mo bá tẹ nọ́ńbà àkáùǹtì yẹn, orúkọ èèyàn ló máa jáde, tó bá di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ orúkọ ẹlòmíì ni. Mo máa ń yí ojú POS sí wọn pé ẹ wò ó, ṣé orúkọ áàpù yín rèé? Wọ́n á ní ẹ ṣáà fi ránṣẹ́, Àǹtí, kí àkókò má kọjá.

Lẹ́yìn náà mo máa ń bi wọ́n pé kí ni áàpù ọ̀hún ń rà. Tó bá jẹ́ ṣíà tó wà ní NGX, ọjà ṣíà tó wà ní Marina, ló bá yín rà, ṣíà yẹn ò sí nínú áàpù, CSCS, ilé iṣẹ́ tó ń pa àkọsílẹ̀ ṣíà mọ́, ló ń tọ́jú ẹ̀ lórúkọ yín, ẹ máa ní nọ́ńbà níbẹ̀, bí áàpù bá kú lọ́la ṣíà yín ṣì wà. Ẹ béèrè nọ́ńbà yẹn. Áàpù olè ò ní in, ohun tó ní ni fígọ̀ tó ń gòkè lójú fóònù, bẹ́ẹ̀ fígọ̀ kì í ṣe owó. Ó tún ń gòkè lójoojúmọ́, kì í já wálẹ̀ láé. Ẹni tó bá ní ṣíà gidi mọ̀ pé ọjọ́ kan á wà tó máa ṣí fóònù tí gbogbo ẹ̀ máa pupa, tí inú ẹ̀ máa bà jẹ́ títí di alẹ́.

Ní ti iye èrè, ẹ rántí alájọ wa. Tẹ́ ẹ bá ń dá 1k lójúmọ́ nínú oṣù ọlọ́jọ́ 31, 30k lẹ máa gbà, ti ọjọ́ kan ti alájọ ni. Alájọ ń tọ́jú owó, ó sì ń yọ nínú ẹ̀, kò fi kọ́bọ̀ kún un, a sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Ìjọba tó ń yá owó lọ́wọ́ àwa aráàlú pẹ̀lú treasury bill, ní March 2024 tí èrè ẹ̀ ga gan-an, èrè náà lé díẹ̀ ní 20%, fún ọdún kan gbáko. Ẹ wá gbé 100% lóṣù sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀. 10k tó bá ń di ìlọ́po méjì lóṣooṣù, tó bá fi máa pé oṣù 12 ó ti di 40,960,000. Ẹni tó bá mọ ibi tí wọ́n ti ń rí irú ẹ̀, báńkì wo ni kò ní yá a lówó, tó fi wá ń bẹ màmá oníṣu ní Mushin?

Mo mọ̀ pé àwọn kan ṣì máa sọ pé ẹni tó bá tètè wọlé tó tètè jáde ò ní jìyà. Òótọ́ ni fún àwọn díẹ̀. Àmọ́ ẹ rántí pé owó ẹni tó wọlé lẹ́yìn yín lẹ kó jáde yẹn, mo sì mọ orúkọ ẹni tó wọlé lẹ́yìn mi, torí èmi ni mo fi áàpù hàn án, àbúrò ọkọ mi ni. Owó tó kó sí i, mo ṣì ń san án fún un díẹ̀díẹ̀.

Lánàá ọmọkùnrin kan wá yọ 15k, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní “Àǹtí, áàpù tuntun ni o, ó ń san bí ẹ̀rọ.” Mo ka owó ẹ̀ fún un, mo wá ní kó bá mi wá orúkọ ilé iṣẹ́ tó ni ín kó tó lọ. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì mi, ó ń tẹ fóònù, ó lé ní ogún ìṣẹ́jú, ẹ̀rín ẹ̀ ń dínkù. Ó ní òun máa béèrè ní gúrúùpù wọn. Nígbà tó máa di ìrọ̀lẹ́ ó padà wá, ó ní wọ́n ti yọ òun kúrò ní gúrúùpù.