Ìtì Ọ̀gẹ̀dẹ̀ Nínú Oko Kòkó

"Ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ kò tó ohun à ń pọ́n àdá sí." Ẹni tó ń gbé ọ̀ràn kékeré bí ẹni gbé òkè Ìdànrè ni àwọn àgbà ń pa òwe yìí fún, òótọ́ ni wọ́n sì sọ. Ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ rọ̀; àdá tó kú pàápàá á gé e. Ṣùgbọ́n òwe náà kò sọ pé kò wúlò. Láti Àkúrẹ́ dé Ìdànrè, láti Oǹdó dé Ilé-Olújì, ìtì tó ń jẹrà nílẹ̀ wà lára ohun tó ń jẹ́ kí kòkó so. Bí ọmọ ilé ìwé bá mọ ìdí rẹ̀, ó ti di ìpìlẹ̀ ẹ̀kọ́ nípa bí ohun ẹlẹ́mìí ṣe ń gbé ara wọn ró mú. Ibẹ̀ ni ó yẹ kí ẹ̀yin olùkọ́ ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe lórí àwòrán kìnnìún tó ń lé ẹfọ̀n ní pápá tí ọmọ náà kò dé rí.

Ẹ mú wọn dé ìdí igi kòkó nígbà tó bá yọ òdòdó. Ara igi gan-an àti ẹ̀ka ńlá ni òdòdó náà ti ń yọ, kò sì fi bẹ́ẹ̀ ju èékánná àtàǹpàkò lọ. Ìyẹ̀fun inú rẹ̀ tó ń mú kí òdòdó di èso ń lẹ̀, nítorí náà afẹ́fẹ́ kò lè gbé e láti igi kan dé èkejì. Kòkòrò kan tó jọ ẹ̀fọn, tí kò gùn ju nǹkan bíi mílímítà 3 lọ, ló ń wọnú òdòdó náà, òun ló ń gbé ìyẹ̀fun kiri. Òdòdó tí kòkòrò kò bá bẹ̀ wò á já bọ́ láàárín nǹkan bí ọjọ́ 2. Igi kan lè yọ ẹgbẹẹgbẹ̀rún òdòdó lọ́dún, síbẹ̀ nínú 100, èyí tó ń di èso kì í sábà ju 5 lọ. Èyí tó bá sì dúró á lo oṣù 5 sí 6 kó tó pọ́n, hóró 30 sí 40 ló sábà máa ń wà nínú rẹ̀. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè: gbogbo gíga igi kòkó, kò lè bá ara rẹ̀ ṣe iṣẹ́ tí kòkòrò yẹn ń bá a ṣe.

Níbo wá ni wọ́n ti ń bí kòkòrò náà? Nínú ohun tó tutù tó sì ń jẹrà ni: ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀, ewé tó wọ́ jọ sílẹ̀, èèpo kòkó. Ibẹ̀ ló ń yé ẹyin sí, ibẹ̀ ni ìdin rẹ̀ ti ń jẹun, á sì tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 4 kó tó yọ ìyẹ́. Àgbẹ̀ tó bá gbá abẹ́ kòkó mọ́ fínnífínní, tó fi oògùn apako pa gbogbo ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó wà láàárín rẹ̀, ilé kòkòrò yẹn ló tú ká. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, òdòdó á pọ̀, èso á wọ́n, àwọn kan á sì máa fura sí aráyé. Ó dùn mí pé a ń kọ́ ọmọ ní ìmọ́tótó ilé láìkọ́ wọn pé ilẹ̀ oko ní ìmọ́tótó tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Bí ẹ bá ti bẹ́ ìdì ọ̀gẹ̀dẹ̀, ẹ gé ìtì rẹ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, kí ìwọ̀n ọ̀kọ̀ọ̀kan tó ìka mẹ́ta. Ẹ kó wọn jọ síbi òjìji, láàárín àwọn igi kòkó gan-an, nítorí kòkòrò náà kì í fò jìnnà. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ fi ewé bò wọ́n kí wọ́n má baà gbẹ. Bó bá gbẹ, ìdin kú. Èèpo kòkó tí ara rẹ̀ dá lè wà nínú òkìtì náà. Èyí tó ti dúdú tó sì ti rà lórí igi kò gbọ́dọ̀ dé ibẹ̀, nítorí òjò á ta àrùn inú rẹ̀ sára èso tó ṣì tutù. Ẹ gbé e kúrò lóko, kí ẹ sì rì í mọ́lẹ̀.

Bí ẹ bá wá ń ya àwòrán ohun tó ń jẹ ohun sórí pátákó, ohun tí ọmọ máa ń ṣì jù ni ọfà. Koríko, tata, ọ̀pọ̀lọ́, ejò, àwòdì: ọfà gbọ́dọ̀ kúrò lára ohun tí wọ́n jẹ lọ sára ẹni tó jẹ ẹ́, torí ibi tí oúnjẹ ń lọ ló ń tọ́ka sí. Nínú okun tó wà nínú oúnjẹ, nǹkan bí ìdá 1 nínú 10 ló ń di ara ẹni tó jẹ ẹ́. Ìyókù ló fi ń mí, tó fi ń rìn, tàbí tó yà dànù. Ìdí nìyẹn tí tata fi pọ̀ lọ súà tí àwòdì kò sì ju ẹyọ kan lọ lójú sánmọ̀. Okun tó bá sì ti di ooru ti lọ nìyẹn.

Èròjà ilẹ̀ ní tirẹ̀ ń padà. Ẹ wo eérú èèpo kòkó tí wọ́n fi ń se ọṣẹ dúdú: gbòǹgbò igi ló fa pòtáṣíọ̀mù inú rẹ̀ látinú ilẹ̀ oko. Bí gbogbo èèpo bá ń kúrò lóko lọ́dọọdún láìsí ohun tó rọ́pò rẹ̀, ilẹ̀ ń ṣá nìyẹn. Ekòló, ọ̀kùn, ikán, olú àti àwọn ohun tíntìntín tí ojú kò rí ló ń wó ohun tó ti kú palẹ̀ tó fi ń di oúnjẹ igi padà. Bẹ́ẹ̀, àwọn gan-an ni ọ̀pọ̀ àwòrán inú ìwé máa ń gbàgbé.

Kí àwọn ọmọ lè fi ojú ara wọn rí àwọn kòkòrò inú ewé tó ń jẹrà, ẹ gé ìgò ike lítà 1.5 ní ìdá kan nínú mẹ́ta láti òkè. Ẹ ṣí ìdérí rẹ̀, kí ẹ da orí rẹ̀ kodò sínú ìsàlẹ̀ bí àrọ. Ẹ ta àwọ̀n àpò àlùbọ́sà sí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀, kí ẹ fi òwú tútù sí ìsàlẹ̀, kí ẹ sì fi ọ̀rá dúdú yí ìsàlẹ̀ náà ká. Ẹ̀kúnwọ́ 2 ewé tó ń jẹrà ni kó wọ inú àrọ. Igi ni kí ẹ fi wa ewé náà, kì í ṣe ọwọ́ lásán, nítorí àkeekèé. Ẹ gbé e síbi tí oòrùn àárọ̀ ń dé, fún ọjọ́ 2. Bí òkè ṣe ń gbẹ, àwọn kòkòrò á máa sá fún ìmọ́lẹ̀ lọ síbi òkùnkùn tó tutù, wọn á sì já bọ́ sórí òwú. Oòrùn ọ̀sán á pa wọ́n kí wọ́n tó sá, bẹ́ẹ̀ ni gílóòbù ìgbàlódé tí kò gbóná kò ní lé wọn. Bí ẹ bá ki ewé náà mọ́lẹ̀ jù, wọn kò ní rọ́nà.

Ẹ ṣe méjì lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kan pẹ̀lú ewé abẹ́ kòkó, èkejì pẹ̀lú ẹ̀kúnwọ́ 2 ohun tó wà nílẹ̀ àgbàlá ilé ìwé tí wọ́n ń gbá lójoojúmọ́. Kí àwọn ọmọ ka iye tó já bọ́ nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹ tó sọ ìdí rẹ̀ fún wọn. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n dá àwọn kòkòrò náà padà sábẹ́ ewé ibi tí wọ́n ti kó wọn wá.