Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní Superman ti na òrìṣà, òrìṣà wo?

Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu àwọn èèyàn wa níbí l'Ábújá débi pé ó ti sú mi: pé àríyànjiyàn ta ló lágbára jù láàárín àwọn akọni inú kọ́míìkì àti àwọn òrìṣà ti parí tipẹ́, torí Superman ti na Thor, Thor sì rèé, òrìṣà àrá ni, tí òrìṣà àrá kan bá ti lè ṣubú, kí ló kù tí Ṣàngó fẹ́ ṣe. Wọ́n á sì máa sọ ọ́ bí ẹni pé adájọ́ ló dá a. Irọ́ ni jàre. Ìjà yẹn wáyé o, mi ò jiyàn, àmọ́ kì í ṣe òrìṣà kankan ni Superman nà.

JLA/Avengers ni orúkọ ìwé yẹn, ilé iṣẹ́ kọ́míìkì méjì, DC tó ni Superman àti Marvel tó ni Thor, ló jọ gbé e jáde lọ́dún 2003 sí 2004, Kurt Busiek ló kọ ọ́, George Pérez ló yà á. Superman fún Thor ní ẹ̀ṣẹ́, Thor dákú, kò sì pẹ́ tí àwọn Avengers yòókù, ẹgbẹ́ akọni tí Thor wà, fi ya bo Superman náà (ibi tí àwọn olólùfẹ́ ẹ̀ kì í kà dé nìyẹn). Thor tí wọ́n nà yẹn, òṣìṣẹ́ Marvel ni. 1962 ni Stan Lee, Larry Lieber àti Jack Kirby gbé e dé, dókítà arọ kan tó ń jẹ́ Donald Blake ló rí ọ̀pá kan nínú ihò àpáta ní Norway, ó fi gbá òkúta, ọ̀pá di òòlù, òun náà di Thor, àwọn tó sì kọ́kọ́ bá jà ni àwọn èèyàn olókùúta tó wá láti Saturn. Saturn o! Ẹ sọ fún mi, babaláwo wo ló bọ irú òrìṣà yẹn rí.

Thor tí àwọn ará Scandinavia ń sìn kí ẹ̀sìn Kristẹni tó dé bá wọn, irùngbọ̀n pupa ló ní, òbúkọ méjì ló ń fa kẹ̀kẹ́ ẹ̀, ìbọ̀wọ́ irin ló sì ń wọ̀ kó tó di òòlù ẹ̀ mú. Loki tí Marvel sọ di àbúrò ẹ̀ kì í ṣe àbúrò ẹ̀ o, Odin, bàbá Thor, ni Loki bá mulẹ̀. Ọ̀rọ̀ pé ẹni tó bá yẹ nìkan ló lè gbé òòlù yẹn ńkọ́? Marvel ló dá ìyẹn sílẹ̀ pátápátá.

Orin àtijọ́ kan wà tí wọ́n kọ sílẹ̀ ní Iceland, òun ló fi ń yé mi jù. Thor jí láàárọ̀, ó fọwọ́ wá òòlù ẹ̀, kò rí i. Òmìrán kan tó ń jẹ́ Thrym ti jí i, ó ti rì í mọ́lẹ̀ níbi tó jìn gan-an, ó ní òun ò ní dá a padà àfi tí wọ́n bá fún òun ní Freyja, òrìṣà obìnrin wọn kan, fi ṣaya. Freyja ní ká má rí i. Ni wọ́n bá wọ aṣọ ìyàwó fún Thor, wọ́n fi ìbòjú bò ó, wọ́n so kọ́kọ́rọ́ mọ́ ọn nídìí tó ń dún woro woro, Loki tẹ̀ lé e bí ọmọ ọ̀dọ̀ obìnrin. Níbi ìnáwó, ìyàwó jẹ odindi màlúù kan, ó fi ẹja sámọ́nì mẹ́jọ lé e, ó da ọtí oyin àgbá mẹ́ta sí i. Ọkọ ní òun ò rí ìyàwó tó ń jẹun báyìí rí. Loki ní ẹ má dá a lóhùn, àárò ilẹ̀ yín ló ń sọ ọ́, òru mẹ́jọ nìyí tí kò fẹnu kan nǹkan kan. Thrym sì gbà! Ó ní kí wọ́n gbé òòlù wá láti fi súre fún ìyàwó, wọ́n gbé e lé e nítan, ẹ ti mọ ìyókù. Olè jí òòlù yẹn, wọ́n tún gbé e wọ inú ilé ìnáwó, ẹnikẹ́ni ò béèrè ẹni tó yẹ.

Mo sọ ìtàn yìí ní ṣọ́ọ̀bù báábà kan ní Kubwa níjọ́ kan tí iná lọ, Mallam tó ń din ẹyin sí Indomie lẹ́nu ọ̀nà ní "Haba!", bọ̀dá kan sì fárígá pé mo fẹ́ ba Thor lórúkọ jẹ́ ni, pé èèyàn DC ni mí.

Ẹni tó bá sì rò pé agbára ló ń pinnu ìjà inú kọ́míìkì, kó lọ wo ti 1996 tí DC àti Marvel kó àwọn èèyàn wọn jáde láti bá ara wọn jà. Àwọn òǹkàwé ló dìbò fún márùn-ún nínú àwọn ìjà yẹn. Storm, ọ̀kan nínú àwọn X-Men, ẹgbẹ́ akọni Marvel, na Wonder Woman ti DC. Wonder Woman tó jẹ́ pé àwọn òrìṣà Gíríìkì ló fún un lágbára, tó tún gbé òòlù Thor gan-an nínú ìwé yẹn kó tó gbé e sílẹ̀ pé òun ò fẹ́ rẹ́ Storm jẹ. Àmọ́ X-Men ló ń tà láyé ìgbà yẹn, nọ́ḿbà kìíní wọn ti 1991 tà ju ẹ̀dà 8,000,000 lọ, kí ni ẹ rò pé ìbò máa ṣe? Àwa tá à ń gbé Abuja la fẹ́ máa béèrè ohun tí ìbò lè ṣe.

Àwọn tó ń gbèjà Ṣàngó náà ò sàn jù wọ́n lọ ṣá. Wọ́n ní idán ló ń mú Superman, ìyẹn sì rí bẹ́ẹ̀ nínú kọ́míìkì, torí náà edùn àrá kan ṣoṣo, ó parí. Ṣùgbọ́n ta ló sọ fún wọn pé Ṣàngó ń bá èèyàn jà kí wọ́n lè mọ ẹni tó lágbára jù? Thor àwọn ará Scandinavia gan-an máa pa ejò ńlá kan tó yí ayé ká lọ́jọ́ ìkẹyìn, á rìn ìṣísẹ̀ mẹ́sàn-án, oró ẹ̀ á sì pa á, wọn ò torí ìyẹn fi í sílẹ̀. Tiwa náà, ọba ni l'Ọ́yọ̀ọ́, ó fi ìtẹ́ sílẹ̀, wọ́n ní ó so, àwọn èèyàn ẹ̀ ní ọba kò so, wọ́n sì ń bọ ọ́ lọ. Olè àti òpùrọ́ ni Ṣàngó ń bá jà, kò bá ẹni tí kò ṣẹ̀ ẹ́ du nǹkan kan.

Tẹ́ ẹ bá wá fi dandan lé e pé kí ìjà yẹn wáyé, ẹ kọ́kọ́ wá ẹ̀ṣẹ̀ Superman. Olè kọ́, a gbà. Àmọ́ ọkùnrin tó ń fi gíláàsì sójú lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́, tó ń sọ fún gbogbo Daily Planet, ilé ìwé ìròyìn tó ti ń ṣiṣẹ́, pé Clark lásán lòun, tó tún fi ọ̀pọ̀ ọdún wo Lois Lane, olólùfẹ́ ẹ̀, lójú parọ́ kan náà fún un, ẹjọ́ yẹn ò lè dáa fún un níwájú Ṣàngó.